Ilẹ̀ Kùsà Jos: Kí Wọ́n Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Wọ́n Tó Ṣèlérí Ilé Lé E Lórí

Ní gbogbo àsìkò ìdìbò, ìlérí tí àwọn tó ń du ipò ń ṣe fún ará Jos àti Bukuru kì í sábà ju mẹ́rin lọ: ọ̀nà, omi, iná àti ilé. Ìlérí ilé ni ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú yìí tẹ́tí sí jù lọ́tẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú ibi tí àyè ṣì wà láti kọ́lé sí, láti Rayfield títí kọjá Bukuru, ni ó jẹ́ ilẹ̀ kùsà àtijọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pápá kan ní ẹ̀sítéètì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú erùpẹ̀ pápá náà. Wíwò bẹ́ẹ̀ ń gba owó. Owó náà ni ó yẹ kí olùdìbò béèrè, kí ó tó béèrè ilé.

Àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn tí baba wọn tẹ̀lé ojú irin dé orí òkè yìí mọ ohun tó dá ìlú náà sílẹ̀. Kùsà ni. Ọ̀rọ̀ náà gan-an jọ kuza tí àwọn Haúsá ń pe tíìnì, kò sì ṣòro láti mọ̀ pé inú òwò ni Yorùbá ti bá a pàdé. Ní nǹkan bí 1902 ni àwọn aṣojú Niger Company bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíìnì kiri níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 1914 fi máa parí, ojú irin kékeré kan ti ti Zaria dé Bukuru nítorí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya mọ́ òyìnbó lọ́wọ́ ní 1942, tí tíìnì ibẹ̀ bọ́ sọ nù, ìjọba amúnisìn fi ipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin láti ìhà Àríwá wá wa ilẹ̀ Jos, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì padà sílé láàyè. Lẹ́yìn ogun, columbite, òkúta kan tó máa ń bá tíìnì rìn, di ohun tí Amẹ́ríkà ń fi owó gọbọi rà fún irin ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú. Nàìjíríà ni ó ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú columbite gbogbo àgbáyé nígbà náà, láti orí òkè kan ṣoṣo yìí. Iṣẹ́ náà ti ń rẹ̀yìn kí October 1985 tó dé, nígbà tí àjọ International Tin Council tó ń gbé iye owó tíìnì ró ní London wó lulẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ọgbà ńláńlá di ahoro, àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wa ilẹ̀ nìkan ló kù.

Oríṣi nǹkan méjì ni iṣẹ́ náà fi sílẹ̀. Èkíní ni èyí tí gbogbo ojú ń rí: kòtò, òkìtì àti adágún. Àwọn ọmọdé ń kú sínú adágún wọ̀nyí. Àwọn àgbẹ̀ sì ń fa omi wọn bomi rin kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún òyìnbó tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún títún ilẹ̀ wọ̀nyí ṣe. Ẹ̀ka náà tẹ́ òkìtì, ó sì gbin igi eucalyptus. Igi náà hù, ojú sì rí ewé tútù. Ṣùgbọ́n igi kì í sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni èyí tí ojú kò rí. Tíìnì kì í dá wà. Nígbà tí omi bá fọ iyanrìn lọ, gbogbo òkúta tó wúwo ni ó ń kù sísàlẹ̀ pọ̀: tíìnì, columbite, zircon àti monazite. Wọn a kó o lọ sí ọgbà ìlọ̀, níbi tí ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì ti ń ya èyí tó lówó lórí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò lówó lórí. Monazite wà nínú èyí tí kò lówó lórí. Inú monazite ni thorium wà, thorium sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń tan ìtànṣán tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn, tí ara kò sì mọ̀ títí yóò fi ṣe é ní jàǹbá. Uranium díẹ̀ wà nínú zircon pẹ̀lú. Wọ́n tẹ̀lé tíìnì àti columbite lọ sí ilé ìlọ̀, wọ́n sì dúró sẹ́yìn nígbà tí tíìnì àti columbite lọ sí òkè òkun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Kòtò jíjìn ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ó sì yẹ kí wọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òkúta olóró náà ti kó jọ jù ni ibi tí wọ́n ti lọ kùsà, tí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, tí wọ́n sì da ìyókù sẹ́yìn ọgbà. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kò ní kòtò. Ilẹ̀ títẹ́jú ni, ó súnmọ́ ọ̀nà, ó súnmọ́ iná, ó sì máa ń wà láàárín ìlú. Kò sí ilẹ̀ tó wu oníṣòwò ilé tó bẹ́ẹ̀.

Iyanrìn òkìtì kùsà dára fún búlọ́ọ̀kù, kò sì wọ́n. Wọ́n ti fi mọ ilé, wọ́n ti fi rẹ́ ògiri, wọ́n ti fi di ilẹ̀ yàrá. Ẹni tó rà á kò mọ ibi tí wọ́n ti bù ú, ẹni tó bù ú kò sì bi í léèrè. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Jos àti ti Ahmadu Bello ní Zaria ti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sí irú àwọn ibi wọ̀nyí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde fi hàn pé ìtànṣán orí àwọn òkìtì àfọ̀kù kan ga ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju ti ilẹ̀ lásán tó yí wọn ká lọ. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n. Síbẹ̀, ìwé tí ọ̀mọ̀wé kọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè sọ fún opó kan ní Bukuru ohun tó wà nínú ògiri yàrá tí ó fi háyà.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí dá ìjàyà sílẹ̀. Ìtànṣán irú èyí kì í pa ènìyàn lójijì. Ọdún pípẹ́ ni ó ń gbà: ẹni tó ń sùn nínú yàrá kan náà fún ogún ọdún, tó ń mí èéfín aláìlóòórùn tó ń ti inú ilẹ̀ àti ògiri rẹ̀ jáde, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pọ̀ sí i fún un. Ó sì ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Jos àti Bukuru má ní àbùkù kankan. Ìdí gan-an nìyẹn tí àyẹ̀wò fi tọ́. Láìsí àyẹ̀wò, ilé tó dára àti ilé tó burú jọ wà lábẹ́ ìfura kan náà, tàbí, èyí tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n jọ wà lábẹ́ àìbìkítà kan náà.

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ìtúnṣe ilẹ̀. Ó jọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì bù lọ sí yàrá àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ tí dókítà ń ṣe. Bí owó wọn kò ti dọ́gba nílé ìwòsàn náà ni kò dọ́gba lórí ilẹ̀. Inú ìwé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀: àwòrán ilẹ̀ àtijọ́, ìwé àṣẹ ìwakùsà, àkọsílẹ̀ ibi tí ọgbà ìlọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ó ń ti ibẹ̀ lọ sí ẹnu àwọn arúgbó tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó kú tán. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣe akọ̀wé, kápíńtà, awakọ̀ àti mẹkáníìkì fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà wà lára wọn, àwọn kan sì ṣì lè nawọ́ sí ibi tí wọ́n da òkìtì dúdú kan sí ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n rìn láti òpópónà dé òpópónà. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti ké ju bó ṣe yẹ ni wọn yóò ti bu erùpẹ̀ àti omi kànga. Ní ìkẹyìn, àwòrán ilẹ̀ kan yóò jáde tí yóò fi hàn ibi tó dára, ibi tó fẹ́ ìṣọ́ra, àti ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ṣe ibùgbé.

Ohun èlò fún iṣẹ́ náà kò jìnnà. National Metallurgical Development Centre wà ní Jos. Yunifásítì wà ní Jos. Ní Zaria, ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré kan tó dára fún yíyẹ èròjà inú erùpẹ̀ wò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 2004. Òfin 1995 sì ti dá àjọ Nigerian Nuclear Regulatory Authority sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ̀ràn ìtànṣán ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Owó ni ó kù, owó sì ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere.

Ta ni yóò san án? Ìdáhùn tó rọrùn ni pé kí ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ sanwó rẹ̀. Ìlànà yẹn dára, ó sì ti ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan ní Ogoni, níbi tí ilé-iṣẹ́ epo ti san owó àyẹ̀wò tí ẹ̀ka àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní August 2011. Ó tọ́ kí àwọn ará Jos rántí ohun tí àyẹ̀wò yẹn ṣe. Ní Nisisioken Ogale, wọ́n bá èròjà benzene nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó sì ju òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ ní ìlọ́po 900. Kí àwọn onímọ̀ tó dé pẹ̀lú ìgò wọn, omi mímu lásán ni omi náà jẹ́ fún ẹni tó ń pọn ọ́n. Títún ilẹ̀ Ogoni ṣe ti falẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, ẹ̀bi tó yẹ kí àwọn ìjọba gbà sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè sọ fún ará Ogale pé omi náà dára.

Ilé-iṣẹ́ epo Ogoni wà láàyè, ó sì lówó. Ti Jos kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wa ilẹ̀ náà ní 1910, 1930 tàbí 1950, púpọ̀ nínú wọn ti parapọ̀, wọ́n ti yí orúkọ padà, wọ́n ti túká. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè pe òkú. Òfin Ìwakùsà 2007 dá àpò owó kan sílẹ̀ ní abala 121 fún ìdáàbòbò àti ìtúnṣe àyíká, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìwakùsà lóde òní ni owó rẹ̀ ti ń wá, fún gbèsè tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó ti kú kí òfin náà tó dé kò fi kọ́bọ̀ kan síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọba fúnra rẹ̀ kò mọ́ lọ́wọ́. Ìjọba amúnisìn gba owó orí kùsà náà ní gbogbo ọdún, àti ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi Nigerian Mining Corporation wọ inú òwò náà gẹ́gẹ́ bí onípìn-ín. Ẹni tó bá wọn jẹ èrè kò lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa gbèsè. Nítorí náà, owó ìlú ni yóò san owó àyẹ̀wò yìí, tàbí kí ẹnikẹ́ni má san án.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí ni àwọn olóṣèlú máa ń ta bọ́ọ̀lù sí ara wọn. Ẹni tó ń du ipò gómìnà yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kùsà jẹ́ ti Abuja, nítorí pé ó wà nínú nọ́ńbà 39 lára àwọn ohun tí Ìwé-òfin 1999 fi sí abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìdajì òótọ́ ni. Ẹni tó ń lọ sí Abuja yóò sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti gómìnà, nítorí pé Land Use Act ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní ará ìlú. Ìdajì kejì òótọ́ náà ni. Ohun tí ó yẹ kí olùdìbò fi dá wọn lóhùn ni ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 2003. Ilé-ẹjọ́ náà sọ pé ètò ilé kíkọ́ àti ìlànà ìlú jẹ́ iṣẹ́ ìpínlẹ̀. Kùsà lè jẹ́ ti Abuja, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ láti kọ́lé sórí ilẹ̀ kùsà ń ti ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ jáde. Ìjọba tó ń fi òǹtẹ̀ lu àwòrán ilé kò lè sọ pé ohun tó wà lábẹ́ ilé náà kò kan òun. Ìjọba ìbílẹ̀ náà kò sì ní àwáwí bíi ti tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní July 2024 pé kí owó wọn máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà.

Owó kan sì wà tí gbogbo wọn ń pín. Láti 1981 ni wọ́n ti dá Ecological Fund sílẹ̀ láti inú àpò àjùmọ̀ní orílẹ̀-èdè fún ọ̀ràn àyíká bí ọ̀gbàrá, aginjù àti ìbàjẹ́ ilẹ̀. Gọ́tà ni ará ìlú sábà ń rí pé wọ́n fi í ṣe. Gọ́tà dára, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má gbẹ́ gọ́tà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbàjẹ́ ilẹ̀ tí ojú kò rí wà lára ohun tí owó náà wà fún, àti pé kò sí gọ́tà tí ó lè gbé thorium lọ.

Kì í ṣe Jos nìkan ni irú ìṣòro yìí ti dé bá. Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 2002 tó jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ wọn máa fún àwọn ìlú ní owó láti yẹ ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Owó àyẹ̀wò dá dúró níbẹ̀, owó ìtúnṣe dá dúró. Ní England, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000 gbé e ka àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ lórí pé kí wọ́n wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kiri ní agbègbè wọn. Fún ọdún díẹ̀, ìjọba ní London ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fa owó náà sẹ́yìn lẹ́yìn 2013, òfin kò yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Plateau ni pé kí ẹnikẹ́ni má gba òfin tàbí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí kò ní owó lára gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn.

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́lé jù ń dunni. Ní March 2010, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières rí i pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní Zamfara. Àwọn òbí wọn ń lọ òkúta wúrà nínú ilé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Nígbà tí àyẹ̀wò fi ibi tí òjé wà hàn, wọ́n fọ ilẹ̀ abúlé méje mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ ibẹ̀. Abúlé kẹjọ, Bagega, dúró. Àyẹ̀wò ti sọ ohun tó wà níbẹ̀. Owó ìtúnṣe ni kò jáde láti Abuja títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2013. Àwọn dókítà kò sì lè tọ́jú àwọn ọmọ Bagega bó ṣe yẹ, torí ọmọ tó gba oògùn tó tún padà sínú erùpẹ̀ olójé yóò tún kó o ni. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òjé Zamfara yára, ó sì fara hàn. Ti Jos kò yára, kò sì ní fara hàn. Kò sí dókítà kan tí yóò wọ abúlé kan lọ́jọ́ kan tí yóò bá irinwó sàréè. Ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, ní ọdún tó yàtọ̀ síra, ni yóò máa ṣàìsàn, ẹbí rẹ̀ yóò sì máa wá ẹni tó ṣe é.

Àwọn onílé ni yóò kọ́kọ́ tako ọ̀rọ̀ yìí, ìbẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Jos ló ní ilé kan tàbí méjì tí baba wọn kọ́ pẹ̀lú owó ogójì ọdún lẹ́nu òwò tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ti rí wàhálà 2001 àti èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n sì mọ bí iye owó ilé ṣe lè já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé ilẹ̀ wọn ní majèlé, ta ni yóò rà á? Bí ìjọba bá sì lé wọn jáde ńkọ́? Land Use Act ṣe ètò owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n ilé, ohun ọ̀gbìn àti owó ilẹ̀ ọdún náà ni ó ń san, kò san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà. Ẹni tí kò ní ìwé tó péye yóò sì jìyà ju ẹni tó ní lọ.

Ìdáhùn sí ìbẹ̀rù yìí ni pé kí ààbò onílé wà nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 2002 tí a dárúkọ lókè fi ààbò sínú rẹ̀ fún ẹni tó ra ilẹ̀ tàbí tó jogún rẹ̀ láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ti bà á jẹ́, bí ó bá tẹ̀lé ìlànà òfin náà. Kò sí ohun tó ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Plateau má lè kọ irú abala bẹ́ẹ̀: pé onílé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kò ní san owó àyẹ̀wò, kò ní san owó ìtúnṣe, wọn kò sì ní gba ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fún un ní ibòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àtúnṣe lè má ju kí wọ́n yọ ilẹ̀ yàrá kan kí wọ́n tún un dì, tàbí kí wọ́n ṣí fèrèsé tó tó sí i. Àìmọ̀ kò sì dáàbò bo iye owó ilé títí láé. Ọjọ́ kan yóò dé tí ilé ìfowópamọ́ tàbí olùrà láti Èkó yóò gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ti ara rẹ̀ wá, onílé tí kò ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ ni yóò sì gba owó kékeré.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé kí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Jos sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn Berom ni kùsà kọ́kọ́ ṣe ní ibi. Ilẹ̀ oko wọn ni wọ́n wà, owó tí wọ́n sì fún wọn lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó yẹ kí ohùn wọn ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí àwọn àlejò wọn tó ti di ará ilé sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kì í béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òṣìṣẹ́ ìdìbò náà kò sì ní béèrè rẹ̀. Abala 77 àti 117 nínú Ìwé-òfin sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Ẹni tó dìbò ní Bukuru, ará Bukuru ni lọ́jọ́ náà.

Ilé ẹjọ́ ń kọ́? Ọ̀nà wà níbẹ̀. Ní 2018, nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà kí ẹgbẹ́ kan pe ẹjọ́ lórí ìbàjẹ́ odò ní Ìpínlẹ̀ Abia láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fara gbá a. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ́ náà lè pe ẹjọ́ nìkan ni ó gbé wọn dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlà kan nínú ìṣúná ọdọọdún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlà kan yẹn ni kí olùdìbò béèrè. Kí ó bi ẹni tó ń du ipò gómìnà àti aṣòfin ìpínlẹ̀ pé: èló ni wọn yóò kọ sínú ìṣúná ọdún àkọ́kọ́ wọn fún àyẹ̀wò ilẹ̀ kùsà láàárín Jos àti Bukuru, ọ́fíìsì wo ni yóò ná an, ìgbà wo sì ni àwòrán ilẹ̀ náà yóò jáde? Ṣé wọn yóò dá àṣẹ ilé kíkọ́ dúró lórí ọgbà ìlọ̀ àtijọ́ títí àyẹ̀wò yóò fi parí? Kí ó bi ẹni tó ń lọ sí Abuja bí yóò ṣe béèrè fún ìpín nínú Ecological Fund fún un. Kí gbogbo wọn sì sọ bóyá ará ìlú yóò rí àbájáde náà. Freedom of Information Act ti 2011 fún ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn ẹni tó bá béèrè ìwé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣírí ni. "A máa wò ó" kì í ṣe ìdáhùn. "A máa gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀" náà kì í ṣe ìdáhùn, bí kò bá ní iye owó lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹni tó bá gba ìdáhùn kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé tó kẹ́yìn ṣáájú ìdìbò. Àwọn àgbàlagbà tó ṣiṣẹ́ ní ọgbà kùsà, tàbí tí baba wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí àwọn náà wá, kí wọ́n mú àwòrán, ìwé iṣẹ́ tàbí ohunkóhun tó bá fi hàn ibi tí ọgbà ìlọ̀ wà dání. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, àkọsílẹ̀ náà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀.